Orí Kẹrin: Ìwádìí lórí Ètò Ààbò, Ìgbèjà Orílẹ̀-èdè àti Ìlànà Òkèèrè láti Ojú Ọjà Mile 12

Ẹ̀ka ìwádìí mẹ́ta ni orí yìí gbé yẹ̀ wò pa pọ̀. Èkíní ni ìgbèjà orílẹ̀-èdè, èyí tí í ṣe gbogbo ètò tí ìjọba fi ń múra ogun sílẹ̀: àwọn ọmọ ogun, ohun ìjà, owó tí wọ́n ń ná lé wọn lórí àti òfin tó ń darí wọn. Èkejì ni ètò ààbò, tó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó kan ohunkóhun tó lè ṣe ẹ̀mí, dúkìá àti ìjẹ-ìmu ará ìlú ní jàǹbá, ìbáà jẹ́ ọ̀tá ló mú un wá, ìbáà jẹ́ àìsàn, omíyalé tàbí ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ. Ẹ̀kẹta ni ìlànà òkèèrè, ìyẹn ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè kan yàn láti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lò kí ó lè dáàbò bo ohun tó kà sí èrè àti iyì tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́, orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹni pé ẹni tó ń ṣe ìwádìí nípa sójà kò ní ohunkóhun í wá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe ìwádìí nípa àwọn aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè. Ìpínyà yẹn rọrùn fún olùkọ́, ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ kan ṣoṣo ni wàhálà máa ń dé bá ará ìlú.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìdí èyí múlẹ̀. Abala 14, ìlà kejì, sọ pé ààbò àti ìgbáyégbádùn àwọn ènìyàn ni olórí iṣẹ́ tí ìjọba wà fún, ó sì fi méjèèjì sínú gbólóhùn kan náà. Abala 19 ka àwọn ohun tí ìlànà òkèèrè gbọ́dọ̀ máa lépa, lára wọn ni ìṣọ̀kan Áfíríkà àti fífi ìjíròrò yanjú aáwọ̀. Ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ òkèèrè sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí Ìjọba Àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, tó fi jẹ́ pé gómìnà tàbí alága ìjọba ìbílẹ̀ kò ní àṣẹ kankan níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi máa ń forí lé Àbújá, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wà, tàbí Nigerian Institute of International Affairs, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀rọ̀ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1961 tó sì wà ní Victoria Island títí dòní. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlànà kan ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹrù ìlànà náà ń sọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ti ṣe pàtàkì.

Kòsọ́fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ogún ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin kà fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 2003, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yọ Àgbóyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹ́rí nínú rẹ̀. Ọ̀nà Ìkòròdú là á kọjá, Odò Ògùn sì ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà lẹ́bàá rẹ̀. Ọjà èso wà ní Ìkòsì lẹ́bàá Kétu, níbi tí ọsàn, ọ̀pẹ̀yìnbó àti bàrà olómi ti ń já, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ńlá Mile 12 wà fún ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti iṣu. Ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ ní Èkó, bóyá ní Agége ni o tàbí ní Lẹ́kí, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ata rẹ̀ ti gba Mile 12 kọjá.

Ọ̀nà tí òwò náà ń gbà lọ yẹ ní àlàyé, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ààbò tó ń bọ̀ níwájú fara pamọ́ sí. Àgbẹ̀ tó gbin tòmátì ní Kura, ní Ìpínlẹ̀ Kánò, kì í sábà bá ẹrù rẹ̀ wá sí Èkó. Wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á to apẹ̀rẹ̀ léra nínú tírélà, ọkọ̀ á sì rìn ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, nígbà tí oòrùn àti ìwúwo ti ń fọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀, tí omi wọn sì ń kán sílẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, alárinà tó gbọ́ èdè àgbẹ̀ náà ló máa gba ẹrù sílẹ̀, òun ni yóò bá a tà á, tí yóò yọ owó làálàá tirẹ̀, tí yóò sì fi ìyókù ránṣẹ́. Àwọn alábàárù ń gbé apẹ̀rẹ̀ láti ara ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀, àwọn ìyá aláta tó wá láti Mushin tàbí Ìyànà-Ìpájà ń nájà, àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ sì lè kó ẹrù láwìn kí wọ́n tó san án lẹ́yìn tí wọ́n bá tà á tán. Àwọn tí ẹ̀sìn wọn, èdè wọn àti ìlú wọn jìnnà síra ń fi owó wọn sọ́wọ́ ara wọn láìsí ìwé àdéhùn kankan. Abner Cohen ti ṣe ìwádìí irú òwò báyìí ní Sábó, ní Ìbàdàn, nínú ìwé kan tó jáde ní ọdún 1969, ó sì fi hàn pé àjọṣe àwọn onílé, alárinà àti oníṣòwò Haúsá nílẹ̀ Yorùbá ló dúró gẹ́gẹ́ bí báńkì àti kóòtù fún òwò obì àti màálù. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí ní Mile 12 ka ìwé náà kí ó tó jáde kúrò nílé.

Ẹ̀ka ìwádìí àkọ́kọ́ tí ọjà yìí ṣí sílẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ààbò ọmọnìyàn. Títí di bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní ààbò ni pé kí ọ̀tá má ṣe fi ogun wọ ìlú. Ní ọdún 1983, Richard Ullman ní Amẹ́ríkà kọ àròkọ kan tó fi béèrè ìdí tí wọn kò fi ka ìyàn tàbí àjàkálẹ̀ àrùn mọ́ ewu tó lè ba orílẹ̀-èdè jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Barry Buzan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé jáde lọ́dún kan náà láti sọ pé ààbò ìjọba àti ààbò ènìyàn lè tako ara wọn. Nígbà tó di ọdún 1994, ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde tó pín ààbò ọmọnìyàn sí ọ̀nà méje: ọrọ̀ ajé, oúnjẹ, ìlera, àyíká, ààbò ara ẹni, ààbò àwùjọ àti ẹ̀tọ́ òṣèlú. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti yí padà, tó di pé olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun ń wádìí ààbò rẹ̀, ohun tí wọ́n ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tó ń san owó rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2016 jẹ́ kí ìbéèrè yìí yé ni dáadáa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, kòkòrò kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta ya wọ oko tòmátì ní Kàdúná, ó sì bà wọ́n jẹ́ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì lórí tòmátì. Kò sí ẹni tó yìnbọn, kò sí ààlà tí ẹnikẹ́ni fipá kọjá, síbẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátì di ọ̀wọ́n gógó ní Mile 12, àwọn ìdílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan mìíràn se ọbẹ̀. Fi èyí wé owó orí tí àwọn agbébọn ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Zamfara àti Katsina kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n dáko tàbí kórè, àti owó tí awakọ̀ ń san ní oríṣiríṣi ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Owó kòkòrò, owó agbébọn àti owó ojú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú iye tí ìyá aláta ń san ní Mile 12, kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi mọ èyí tó jẹ́ ti èwo. Iṣẹ́ olùwádìí ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá lè bá ọkọ̀ kan ṣoṣo rìn nínú ìwé, láti oko títí dé ìsọ̀, kí ó sì kọ gbogbo owó tí wọ́n san àti ẹni tí wọ́n san án fún sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yóò wúlò fún ètò ààbò ju ọ̀pọ̀ àròkọ tí wọ́n ń kọ nípa ìpániláyà láìrí ẹnì kankan tó fojú winá rẹ̀.

Ẹ̀ka kejì tí ọjà yìí ṣí sílẹ̀ ni ìjà láàrin àwọn ẹ̀yà àti bí wọ́n ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí orí yìí dúró pẹ́ níbí, nítorí ẹ̀mí àwọn ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń tajà lónìí ní Kétu ló rántí rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1999, kò tíì ju oṣù méjì lọ tí ìjọba alágbádá padà dé, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Haúsá ní Ṣàgámù nígbà ọdún Orò, kò sì pẹ́ tí ìgbẹ̀san fi tẹ̀lé e ní Kánò. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, ó sì tàn dé Kétu, àwọn ọmọ OPC, ẹgbẹ́ ajìjàgbara Yorùbá, kó sí i, ènìyàn púpọ̀ kú, ilé àti ìsọ̀ sì jóná. Àlàyé lórí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹnu kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa darí ọjà àti ẹni tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ líle fún àwọn ọlọ́pàá lórí OPC, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 2000, lẹ́yìn rògbòdìyàn mìíràn tí wọ́n ti pa ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Bàrígà, ó kọ̀wé sí Gómìnà Bọ́lá Tinúbú pé òun lè kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Human Rights Watch kó ẹ̀rí nípa ìjà Mile 12 àti àwọn mìíràn jọ sínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí OPC ní oṣù Kejì ọdún 2003.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2016, Mile 12 tún dàrú. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbà náà ṣe sọ, gbólóhùn asọ̀ láàrin ọlọ́kadà kan àti obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó tó di ìjà Yorùbá àti Haúsá, Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé sì ti ọjà náà pa fún ọjọ́ mélòó kan. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà tí wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ lórí tòmátì tí alábàárù kan dà sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ní Ìbàdàn, gba ẹ̀mí, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìnílé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó na ẹnì kejì ní Mile 12, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màálù ní àwọn kò ní gbé oúnjẹ wá sí ìhà gúúsù mọ́ àfi tí wọ́n bá san owó gbà-má-bínú. Wọ́n dá àwọn tírélà dúró ní Jẹ́bbà, níbi tí afárá ti gba orí Odò Ọya kọjá, àlùbọ́sà àti tòmátì sì wọ́n ní Èkó títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, nígbà tí wọ́n fẹnu kò ní Àbújá pẹ̀lú ìlàjà Gómìnà Yahaya Bello ti Ìpínlẹ̀ Kogí.

Bí a bá to ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ohun tó yẹ kó jẹ olùwádìí lógún jùlọ ni bí ìjà ṣe kúrò ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1999, ọ̀rọ̀ ṣí láti Ṣàgámù dé Kánò. Ní ọdún 2021, ó ṣí láti Ìbàdàn dé Jẹ́bbà, ó sì wọ ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ará Èkó tí wọn kò mọ ibi tí Ṣáṣá wà. Fífi oúnjẹ ṣe ohun ìjà kì í ṣe ohun tuntun ní Nàìjíríà, nítorí dídí ọ̀nà oúnjẹ wà lára ohun tó pa ènìyàn jù nígbà ogun abẹ́lé láàrin ọdún 1967 sí 1970. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti dá irú ìwà bẹ́ẹ̀ lẹ́bi lásìkò ogun nínú ìpinnu rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 2417 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ogun ni ìpinnu náà ń sọ, kò kan àwọn oníṣòwò tó bínú tí wọ́n sì kọ̀ láti gbé ẹrù tiwọn. Àlàfo kan wà níbí nínú ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ààbò tí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i lè fi ìwé àṣekágbá rẹ̀ dí.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1999, bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí Mile 12 jó, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Lomé lórí dídènà aáwọ̀ àti pípa àlàáfíà mọ́. Ìwé náà dá ètò ìkìlọ̀ àtètèṣe sílẹ̀, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ṣọ́ àmì wàhálà kí wọ́n lè tètè kìlọ̀ kó tó di ìjà. Ó pín ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí ẹkùn mẹ́rin, ó fi ibùdó wọn sí Banjul, Ouagadougou, Monrovia àti Kútọnú, ibùdó Kútọnú ló sì ń ṣọ́ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ètò tó dára ni, ó sì fi ọgbọ́n hàn. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àmì tó ṣáájú ìjà ọjà kéré ju ohun tí ojú lè rí láti Kútọnú: ìwé ẹ̀rí owó orí méjì tí ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ já fún oníṣòwò kan náà lọ́jọ́ kan, oyè bàbálọ́jà tí ènìyàn méjì ń dù, àwọn alárinà tó dáwọ́ àwìn dúró fún àwọn oníbàárà tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn. Nínú wọn, dídáwọ́ àwìn dúró ló tọ́ sí àfiyèsí jùlọ, nítorí ẹni tó bá ń retí wàhálà kì í fi owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rò pé yóò di ọ̀tá òun.

Ní ti ìgbèjà orílẹ̀-èdè gan-an, ọ̀rọ̀ kò ní gùn. Abala 217 nínú ìwé òfin fún àwọn ọmọ ogun ní iṣẹ́ mẹ́ta pàtàkì: kí wọ́n gbèjà ilẹ̀ lọ́wọ́ ogun òkèèrè, kí wọ́n pa ààlà mọ́, kí wọ́n sì ran ìjọba alágbádá lọ́wọ́ láti mú kí ìlú tòrò nígbà tí Ààrẹ bá pè wọ́n. Iṣẹ́ kẹta yìí ni ará Èkó mọ̀ wọ́n mọ́ jùlọ, ìbéèrè tó sì tẹ̀lé e ni bí sójà tí wọ́n kọ́ láti pa ọ̀tá ṣe ń hùwà láàrin àwọn aláta. Ìbéèrè kejì kan ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ilé ìkóhun-ìjà-sí bú gbàmù nínú bárékè Ìkẹjà, àwọn ènìyàn sì sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, débi pé ọ̀pọ̀ wọn, ọmọdé ló pọ̀ jù, kú sínú odò ẹ̀gbin ní Òkè-Àfà. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan, kò sì sí ọ̀tá kankan tó yìnbọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ìjà Yorùbá àti Haúsá tún fi bẹ́ sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà. Ìwádìí lórí bí àwọn ọmọ ogun ṣe ń gbé láàrin ìlú ńlá, ìyẹn àjọṣe ológun àti alágbádá, kò gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ìlànà òkèèrè ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó jìnnà sí Kétu jùlọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣìnà. Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, pẹ̀lú ìlérí pé ènìyàn àti ọjà yóò lè rìn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Bọ́lájí Akínyẹmí, tó darí iléeṣẹ́ ìwádìí ní Victoria Island láti ọdún 1975 sí 1983 kí ó tó di mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, ti kọ ìwé kan ní ọdún 1974 láti fi hàn pé ìlànà òkèèrè Nàìjíríà kò lè ṣẹ̀yìn bí àwọn ẹkùn ilẹ̀ náà ṣe ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí ìwé náà sọ nípa àwọn ẹkùn nígbà náà ni ọjà Mile 12 ń fi hàn lónìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa láti dènà fàyàwọ́ ìrẹsì àti ohun ìjà, kò sì ṣí Sèmè àti àwọn mẹ́ta mìíràn títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ìpinnu ààbò ni wọ́n pè é. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tí ẹrù wọn jẹrà lójú ọ̀nà kà á sí ìwà ọ̀tá. Àgbẹ̀ ìrẹsì ní Kebbí kà á sí àǹfààní. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà, olùwádìí tó bá sì gba ẹyọ kan péré gbọ́ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Nìjẹ̀r ló tún fi ara hàn kedere jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn sójà fipá gbàjọba ní Niamey. Bọ́lá Tinúbú, ẹni tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà tí Mile 12 jó ní ọdún 1999, ti di Ààrẹ Nàìjíríà àti alága ECOWAS nígbà náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, àjọ náà kéde ìjìyà ọrọ̀ ajé, ó sì ní òun lè lo agbára ológun bí wọn kò bá dá Ààrẹ Mohamed Bazoum padà. Nàìjíríà ti ẹnubodè, ó sì dáwọ́ iná mànàmáná tó ń fún Nìjẹ̀r dúró. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà rọ Ààrẹ ní oṣù Kẹjọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lo gbogbo ọ̀nà ìjíròrò. Àwọn aṣòfin tó wá láti ìhà àríwá ló kọminú jùlọ sí ogun náà, nítorí ìpínlẹ̀ méje ló pààlà pẹ̀lú Nìjẹ̀r, ìyàwó, ìbátan àti oníbàárà wọn sì wà ní ìhà kejì. Àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ti máa ń gba ẹnubodè wọ̀nyẹn wọlé, òwò náà sì dẹnu kọlẹ̀ títí tí ECOWAS fi yí ọ̀pọ̀ ìjìyà náà padà ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà yẹn, ní oṣù Kìíní, Nìjẹ̀r, Málì àti Burkina Faso ti kéde pé àwọn ń kúrò nínú ECOWAS, ọ̀rọ̀ náà sì di òtítọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ìjìyà tí wọ́n fi ń dá ìjọba àwarawa padà ti lé orílẹ̀-èdè mẹ́ta kúrò nínú àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí òwò lè máa lọ láìsí ìdíwọ́. Ìbéèrè ìwádìí tó kù ni bóyá ìjìyà náà kùnà nítorí pé ó le jù, tàbí nítorí pé àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀ ní ìhà méjèèjì ààlà.

Ìmọ̀ nípa àwọn ẹnubodè ní baba kan nílẹ̀ Yorùbá. Anthony Asiwaju ti Yunifásítì Èkó fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976 tọ ipasẹ̀ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe fi àdéhùn ọdún 1889 pín ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, tí Kétu àtijọ́ (kì í ṣe Kétu ti Èkó) àti Sábẹ̀ẹ́ fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ sì kù sílẹ̀ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ni pé ará ẹnubodè ní ìlànà òkèèrè tirẹ̀, ìyẹn ìgbéyàwó, oyè, ọjà àti ẹ̀sìn tó ń so ó mọ́ ìhà kejì, àti pé ìjọba tó bá ṣe bí ẹni pé kò sí èyí yóò máa bá ojú ọ̀nà ìbílẹ̀ jà títí.

Omi náà ní ìlànà òkèèrè tirẹ̀. Ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 nítòsí Abẹ́òkúta, wà lábẹ́ àjọ Ìjọba Àpapọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú omi rẹ̀ sílẹ̀ nígbà òjò, ọ̀dọ̀ àwọn ará Àgbóyì àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú ló ń wá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò nínú ilé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń rìn lójú pópó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin Ọ̀yán àti Àgbóyì ló ń ṣẹlẹ̀ láàrin ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù àti àwọn ará Benue, bí ọdún 2012 àti 2022 ṣe fi hàn, àmọ́ orílẹ̀-èdè méjì ló kan ní ti Lagdo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ọkọ̀ dé Kamẹrúùnù lè kọ́ ìmọ̀ odò àjùmọ̀ní ní Àgbóyì.

Ó ku ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìwádìí náà. Olùwádìí tó bá gbọ́ Yorùbá nìkan yóò gbọ́ ìdajì ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mile 12, nítorí náà kí ó wá ẹni tó gbọ́ Haúsá, kí ó má sì ṣe mú un láti inú ìdílé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Kí ó ka ìwé ìròyìn Aláròyé tó ń kọ èdè Yorùbá àti Aminiya tó ń kọ èdè Haúsá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà nígbàkígbà tí méjèèjì bá kọ nípa rẹ̀, kí ó sì wo àwọn ègé ìwé ìròyìn tí wọ́n tọ́jú sí ilé ìkàwé iléeṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Victoria Island fún àwọn ọdún àtijọ́. Iye òkú tí ọlọ́pàá ń kà, èyí tí Red Cross ń kà àti èyí tí àwọn olórí àdúgbò ń kà kì í sábà bára mu. Kí ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí ó sì sọ ọjọ́ tí wọ́n kà wọ́n, dípò kí ó yan èyí tó wù ú. Orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ìsọ̀ rẹ̀ tàbí ìlú tó ti wá, nítorí ọjà náà kéré fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó sọ ọ́, ẹni náà yóò sì tún padà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó wà nílẹ̀ dá lórí ọjọ́ tí ìjà ṣẹlẹ̀, nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn ń kọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ láàrin ìjà ọdún 1999 àti ti 2016, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjọ́ ni ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ tí wọ́n sì já ẹrù rẹ̀, tí wọ́n sì fi owó ránṣẹ́ sí Kánò. Nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n jí apẹ̀rẹ̀, àwọn onígbèsè sá, alábàárù da ẹrù ẹlẹ́rù nù, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú bàbálọ́jà, ìyálọ́jà tàbí Sẹ́ríkí Haúsá, wọ́n parí rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá lè gba àṣẹ láti jókòó nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, ẹni tí wọ́n pè, ohun tí wọ́n san àti bó ṣe pẹ́ tó kí ara tó rọ̀, wọn yóò ní ìwé tí ẹnikẹ́ni tó ń ṣètò ààbò ní Èkó tàbí ní Kútọnú yóò fẹ́ kà.